Àgádágodo Inú Géèmù

Àwọn tó ń ṣe géèmù fẹ́ràn láti máa sọ pé torí olè làwọn ṣe ń ti nǹkan àwọn pa. Ẹ bá mi yẹ ti NES wò.

Lọ́dún 1983, Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù Famicom jáde ní Jàpáàn. Kò sí àgádágodo kankan nínú ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè ṣe kátíríìjì tiẹ̀ kó tà á láìgbàṣẹ. Ọdún yẹn náà ni ọjà géèmù dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí géèmù játijàti ti kún orí àtẹ fọ́fọ́. Nígbà tí Nintendo fi máa gbé NES wọ Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n ti gbọ́n.

Wọ́n fi chip kékeré kan sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi èkejì ẹ̀ sínú kátíríìjì. 10NES lorúkọ ètò tó wà nínú wọn. Tó o bá ti tan ẹ̀rọ báyìí, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀, bí awo ṣe ń kí awo. Tí ìdáhùn ò bá bára mu, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, á tún kú, iná pupa á máa ṣẹ́jú. Nintendo nìkan ló sì ní chip yẹn. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ta géèmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀: géèmù 5 péré lọ́dún, Nintendo ló máa bá a ṣe kátíríìjì ẹ̀, á sì sanwó. Ṣé olè nìkan ni wọ́n ń lé? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Oníbodè ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tẹ́ Atari Games lọ́rùn. Wọ́n ha ara chip náà, wọ́n fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó, kò yé wọn tán. Ní 1988, agbẹjọ́rò wọn lọ bá ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ó ní wọ́n ti pe àwọn lẹ́jọ́, kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀dà ètò 10NES káwọn fi gbèjà ara. Irọ́ ni o! Kò sẹ́jọ́ kankan nílẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n fi ẹ̀dà náà parí kọ́kọ́rọ́ tiwọn, wọ́n sọ ọ́ ní Rabbit, wọ́n ń ta géèmù lórúkọ Tengen. Ní 1992, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ò gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ yẹn kan náà ní ẹni tó ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́nà tó tọ́ lè tú u wò láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irọ́ yẹn ló ba tiwọn jẹ́.

Ta wá ni àgádágodo yìí há mọ́ta jù? Ẹni tó fowó ẹ̀ ra ojúlówó ni. Ibi tí kátíríìjì ti ń kan ẹ̀rọ máa ń dọ̀tí, ó sì máa ń dẹ̀. Tí chip méjèèjì ò bá ti gbọ́ra wọn yé, o ti dolè nìyẹn. Géèmù tí bàbá rà fọ́mọ ní ṣọ́ọ̀bù, iná pupa. Ọmọ á yọ kátíríìjì, á fẹnu fẹ́ ẹ fùù, á tún kì í bọ̀ ọ́. (Nintendo kìlọ̀ pé kí wọ́n má fẹ́ ẹ mọ́. Ta ló gbọ́?) Àwọn tó láyà tú ẹ̀rọ wọn, wọ́n gé ẹsẹ̀ kẹrin chip náà, ó parí.

Ní 1993, Nintendo ṣe NES mìíràn, èyí tí wọ́n ń ti òkè ki kátíríìjì bọ̀. Wọn ò fi chip àgádágodo sínú ẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ iná pupa náà pẹ̀lú.