Ọ̀gá Ọlọ́pàá Tí A Lé Láìgbọ́ Tẹnu Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, bí kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ogun tàbí ìgbà ọba. Ìtàn ọlọ́pàá kan ni, ẹni tí àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ lé lọ láìpè é wá sọ tẹnu rẹ̀, tí ó sì fi ọdún márùn-ún wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ kiri láti iwájú ìgbìmọ̀ dé iwájú mínísítà, àti láti ilé ẹjọ́ kékeré dé èyí tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò mọ òwe yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni ìgbà tí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́ bá jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú ti ń nàka sí. Ǹjẹ́ ẹni tí a kò fọkàn tán mọ́ tún ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ìbéèrè náà gan-an ni ọ̀ràn yìí gbé ka iwájú àwọn adájọ́.

Brighton jẹ́ ìlú kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti máa ń lọ gbafẹ́. Ní ayé ìgbà náà, irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ a máa ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ìgbìmọ̀ kan tí a yàn láàárín àwọn aṣojú ìlú ni ó sì ń ṣe àkóso wọn. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Ìgbìmọ̀ Alábòójútó. Òfin ọdún 1882 tí ó de àwọn ìlú wọ̀nyí fún ìgbìmọ̀ náà ní àṣẹ láti ní kí ọlọ́pàá lọ rọ́ọ́kún nílé, tàbí láti lé e lọ pátápátá nígbàkúùgbà, bí wọ́n bá rò pé ó ń ṣe àìbìkítà sí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí pé kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí, “bí wọ́n bá rò pé kò yẹ”, sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Charles Ridge di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Brighton ní ọdún 1956. Inú ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ìlú yẹn náà ni ó ti dàgbà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tó bí ọdún 33. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1957, a mú un. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé òun àti àwọn mìíràn dìmọ̀ pọ̀ láti dí ọ̀nà ìdájọ́. Méjì nínú àwọn tí a mú pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Alábòójútó sì ní kí ó lọ rọ́ọ́kún nílé títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Nígbà tí oṣù kejì ọdún 1958 ń parí lọ, ilé ẹjọ́ dá Ridge láre lórí ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n ó dá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì lẹ́bi, wọ́n sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí Adájọ́ Donovan ti ń ka ìdájọ́ àwọn méjì yìí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ba ọ̀gá wọn nínú jẹ́: ó ní wọn kò rí irú ìṣáájú rere tí ó yẹ kí wọ́n rí lọ́dọ̀ ẹni tí ó wà lórí wọn. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, a tún pe Ridge síwájú ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn mìíràn, ti ìwà ìbàjẹ́. Agbẹjọ́rò ìjọba kò mú ẹ̀rí kankan wá, a sì tún dá a sílẹ̀. Síbẹ̀, adájọ́ náà tún sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ó fi hàn pé ọlọ́pàá Brighton nílò ọ̀gá mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 7, oṣù kẹta, Ìgbìmọ̀ Alábòójútó jókòó. Wọn kò fi ìwé ránṣẹ́ sí Ridge pé ọ̀ràn rẹ̀ ni àwọn fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Wọn kò sọ ẹ̀sùn tí ó kù sí i lọ́rùn fún un, wọn kò sì pè é kí ó wá dáhùn. Wọ́n lé e lọ ní ìjókòó kan. Nígbà tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ké gbàjarè, wọ́n gbà á láàyè láti bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù yẹn kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò yí ìpinnu wọn padà, wọn kò sì sọ ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀ ní pàtó. Ridge kọ̀wé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Mínísítà fún ọ̀ràn abẹ́lé. Ní oṣù keje ọdún 1958, mínísítà náà fọwọ́ sí ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ọkùnrin yìí ń wá gan-an? Kò béèrè pé kí a dá òun padà sórí àga. Ohun tí ó ń jà fún ni owó ìfẹ̀yìntì. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá lé ọlọ́pàá, owó tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún láti ìgbà èwe lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá sì gbà á láyè láti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ridge pe George Baldwin àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù lẹ́jọ́. Ó fìdí rẹmi níwájú adájọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún fìdí rẹmi ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èrò tí àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé jáde ni pé iṣẹ́ àkóso lásán ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe nígbà tí ó lé e, pé kò jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, àti pé nítorí náà ìlànà gbígbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì kò dè é.

Èrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fà sẹ́yìn kúrò lórí ìlànà náà. A rí i nínú ẹjọ́ oníṣòwò aṣọ kan láti erékùṣù Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Aláṣẹ kan gba ìwé àṣẹ òwò rẹ̀, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù sì sọ pé kò di dandan kí irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣe bí adájọ́ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ìdájọ́ báyìí lè fà ní ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso, níbi tí ọwọ́ aláṣẹ ti gùn, tí ohùn ará ìlú kò sì dé òkè.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1963, ọ̀rọ̀ Ridge dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ márùn-ún ní Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù fún ìdájọ́ ìkẹyìn. Mẹ́rin nínú wọn dá a láre. Lọ́ọ̀dù Evershed nìkan ni kò bá wọn lọ. Lọ́ọ̀dù Reid ni ó la ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ títí di òní. Ó pín àwọn tí a lè lé lẹ́nu iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni ọmọọṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nípa àdéhùn lásán: ọ̀gá lè lé e, bí ó bá rú àdéhùn, owó gbà-má-bínú ni yóò san. Ìkejì ni ẹni tí ó wà ní ipò nípa ìfẹ́ inú ẹni tí ó fi í síbẹ̀: a lè yọ ọ́ nígbàkúùgbà láìsọ ìdí. Ìkẹta ni ẹni tí òfin sọ pé a kò lè yọ àfi bí ó bá ní ohun tí ó ṣe. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ lé láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kí a sì gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọ̀wọ́ kẹta yìí ni Ridge wà, nítorí òfin 1882 kò sọ pé kí ìgbìmọ̀ lé ọlọ́pàá bí ó bá ti wù wọ́n. Ó ní kí wọ́n rí i pé ó ṣe àìbìkítà tàbí pé kò yẹ. Báwo ni ènìyàn yóò ti mọ̀ pé ẹnìkan kò yẹ, láìbi í léèrè? Yàtọ̀ sí èyí, ìlànà ìbáwí ọlọ́pàá tí a ti gbé kalẹ̀ ní ọdún 1952 wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ náà kò sì tẹ̀ lé e. Àwọn adájọ́ sọ pé lílé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, àti pé àṣẹ mínísítà kò lè gbé òkú ohun dìde.

Àwọn kan ti wí ṣáájú pé, kí ni Ridge ì bá tilẹ̀ sọ tí yóò yí ọkàn ìgbìmọ̀ padà? Lọ́ọ̀dù Reid kò gba àwáwí náà. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n lè ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì gba owó rẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kò lè bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí ó rọjú nínú ìyà. Ìlànà yìí ti pẹ́ nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1723, lẹ́yìn tí a ti gba oyè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Ọ̀mọ̀wé Richard Bentley ní Yunifásítì Cambridge láìgbọ́ tirẹ̀, ilé ẹjọ́ ní kí a dá a padà. Adájọ́ kan nínú ẹjọ́ yẹn rán wọn létí pé Ọlọ́run pàápàá bi Ádámù léèrè kí ó tó lé e kúrò nínú ọgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé irú ìdájọ́ yìí yóò máa dáàbò bo ọlọ́pàá burúkú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí ará ìlú tí ọlọ́pàá fi ìyà jẹ náà ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nottingham ní ọdún 1959. Ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, Athelstan Popkess, ń ṣe ìwádìí tí ó kan àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìgbìmọ̀ Alábòójútó ní kí ó jábọ̀ ìwádìí náà fún àwọn, ó kọ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ rọ́ọ́kún nílé. Mínísítà ni ó ní kí a dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí agbára láti lé ọlọ́pàá kò bá ní ìjánu, ẹni tí ó mú agbára náà lọ́wọ́ lè fi lé ọlọ́pàá rere tí ó tọpa olè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gba ẹni tí a fura sí àti olóòótọ́ sílẹ̀; a kò lè dí i mọ́ ọ̀kan kí ó má dí mọ́ èkejì.

Irú àwọn ọ̀ràn wọ̀nyí wà lára ohun tí ó mú kí a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ńlá kalẹ̀ lórí ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, tí òfin ọlọ́pàá tuntun sì jáde ní ọdún 1964. Ní ọdún 1968, a pa ọlọ́pàá Brighton pọ̀ mọ́ ti gbogbo agbègbè Sussex.

Kí ni èyí kàn wá? Láti ọdún 1930 ni a ti pa ọlọ́pàá gúúsù àti ti àríwá Nàìjíríà pọ̀ di ọ̀kan. Ìwé òfin òmìnira ọdún 1960 sì dá Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọlọ́pàá sílẹ̀. Lábẹ́ ìwé òfin ọdún 1999, ìgbìmọ̀ irú èyí ni ó ní àṣẹ láti gba ọlọ́pàá, láti bá a wí àti láti lé e, àyàfi ọ̀gá pátápátá. Ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu ẹni wà nínú abala 33 ìwé òfin ọdún 1979, ó sì wà nínú abala 36 ti ọdún 1999. Ní ọdún 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, Ilé Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ pé ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní agbára òfin, a kò sì gbọdọ̀ yọ òṣìṣẹ́ ìjọba láìtẹ̀ lé e. Ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan, ilé ẹjọ́ kan náà fagi lé bí Yunifásítì Èkó ti lé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ọ̀nà tí Lọ́ọ̀dù Reid là ni ẹ̀kọ́ wọ̀nyí náà ń tọ̀.

Nítorí náà, kúẹ̀rì tí ọ̀gá iléèwé ń kọ sí olùkọ́ kì í ṣe ìwé ìdẹ́rùbà. Òun ni ilẹ̀kùn tí òfin ṣí kí òṣìṣẹ́ lè sọ tirẹ̀. Ẹni tí ó gbà á kí ó fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà èsì rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ kí ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà síbẹ̀ ní kedere, kí ó sì ka èsì rẹ̀ kí ó tó mú gègé láti fọwọ́ sí ìyà.

Ilé ẹjọ́ kò sọ pé ènìyàn rere ni Charles Ridge, kò sì sọ pé ènìyàn búburú ni. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ó lé e kò ì tíì ní ẹ̀tọ́ láti sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wàyí o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó pẹ̀lú mi níbí, mo gbé ìbéèrè méjì ka iwájú yín kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Ìkíní: ta ni ó yẹ kí ó máa bá ọlọ́pàá wí, tí kò ní fi ìbáwí náà gbẹ̀san? Ìkejì: báwo ni a óò ti gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá tí a fẹ̀sùn kàn, kí ẹkún ẹni tí ó jẹ níyà má baà bọ́ sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn.