Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn

Àwọn àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá fínra ni mò ń tọ́jú ní Atlanta. Bàbá kan, ọmọ Yorùbá, gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kàn, ó kọjú sí mi: "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe mí. Kí lẹ wá ń wá lẹ́yìn mi?"

Títí di 1948, tí Dókítà Sidney Farber kéde ní Boston pé oògùn aminopterin ń dá àrùn náà dúró fúngbà díẹ̀ lára ọmọdé, kíákíá ló ń pààyàn. Oògùn ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á mọ́, inú ẹbí á dùn, àfi bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń rí nǹkan méjì-méjì. Ààlà kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í lè ré kọjá; ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àrùn ń sá pamọ́ sí.

Dókítà Heinrich Quincke ti fi abẹ́rẹ́ fa omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká ní Kiel, Jámánì, láti 1891. Lẹ́yìn 1962 tí ilé ìwòsàn St. Jude ṣí ní Memphis, Donald Pinkel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró de orí fífọ́ mọ́: wọ́n ń fi ìtànṣán sí orí, wọ́n ń gún oògùn methotrexate sí ẹ̀yìn, kí àrùn tó yọjú. Ara ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àgbàlagbà jogún rẹ̀.

  

Mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá, ó sì gbà. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ká eékún mọ́ àyà, omi tó mọ́ gaara ń kán sínú ìgò kékeré. Methotrexate tó tẹ̀ lé e pupa rúsúrúsú. Vincristine, tí wọ́n ń rí lára òdòdó kan láti Madagascar, wà lára oògùn rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni tirẹ̀. Bó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń já sí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé fi gbani nímọ̀ràn ní 2007 pé kí wọ́n máa pò ó sínú àpò dírípù kékeré, kó má wọ sìríńjì. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èmi kì í jẹ́ kó wọ yàrá rárá.