Ìjà Ò Dọlà, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ń San Gbèsè Rẹ̀?

"Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni." Ẹnu àwọn onílàjà ni òwe yìí ń gbé. Bí orogún méjì bá wọ̀yá ìjà, bí ọmọ ìyá bá ń fa ogún baba wọn ya, òun ni àgbàlagbà fi í pẹ̀tù sí i, kálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi gbà pé ìmọ̀ràn sùúrù ni. Lójú tèmi, ìṣirò ló wà nínú rẹ̀. Òwe náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má jà. Ó kàn ṣí ìwé owó sílẹ̀ ni: ohun tí ìjà mú wọlé rèé, orúkọ, ohun tí kò lè mú wọlé rèé, ọlà. Ohun tó kù tí kò sọ fún wa ni ẹni tó ń san owó ìjà náà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ dúró lé.

Ará Nyanya, ní etí Àbújá, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀nà Keffi ti kún láti Mararaba wá dé Nyanya: òṣìṣẹ́ ìjọba, bíríkìlà, ọmọ ọ̀dọ̀, oníṣòwò, gbogbo wọn ń wọ àárín ìlú Àbújá lọ. Kí bọ́ọ̀sì kan wá ha takisí kan lára báyìí. Àwọn awakọ̀ méjèèjì á gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sáàárín títì, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbá ara wọn lọ́rùn aṣọ mú. "Ṣé o mọ̀ mí ni?" "Ìwọ náà ò tíì mọ̀ mí!" Ìyá alákàrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà á pariwo pé ìjà ò dọlà o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ta ló máa gbọ́? Bí wọ́n bá fi máa jà á tán, ìdajì wákàtí ló ná wọn. Àwọn tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́yìn wọn ńkọ́? Akọ̀wé á pẹ́ dé ọ́fíìsì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lébìrà tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ lójoojúmọ́ á dé ibi tí wọ́n ti mú èèyàn tán, á padà sílé lófo. Àwọn awakọ̀ ló jà, àwọn ló gborúkọ. Ẹni tó sanwó kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa lórí èyí. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ní 1959, tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn. Ìjà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ló wá dé, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962. Àga ń fò, ọlọ́pàá fi tajútajú lé àwọn aṣòfin jáde. Ọjọ́ kẹrin sí i ni ìjọba àpapọ̀ kéde ipò pàjáwìrì, tí wọ́n fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó. Lẹ́yìn ìbò 1965, epo bẹtiróòlù ni wọ́n ń da síni lára, wọ́n ń ṣáná sí i. Orúkọ tí ìjà yẹn sọ ilẹ̀ wa kò tíì kúrò lẹ́nu ará àríwá àti ìlà-oòrùn: "Wild Wild West". Mo máa ń rò ó pé àgbẹ̀ tó ń ṣá kòkó nínú igbó Oǹdó lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ ìjà ló ń kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Nàìjíríà òde òní. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2014 ni ìjọba kéde pé àwọn ti tún ọrọ̀ ajé wa kà, pé ó tó bílíọ̀nù 510 dọ́là, pé a ti borí Gúúsù Áfíríkà, àwa la tóbi jù nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó lé ní 70 ènìyàn tó kú. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni a gba ìròyìn ọlà, tí a sì sin òkú àwọn tí kò tíì fojú kan ọlà ọ̀hún. Àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ olú-ìlú tuntun ni Nyanya jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí òfin 1976 dá Àbújá sílẹ̀. Títí dòní, ó ń bá ọlọ́lá ṣe aládùúgbò, kì í bá a jẹun.

Nígbà tí wọ́n tún ọrọ̀ ajé náà kà ní oṣù Keje 2025, iye tó jáde fún ọdún 2024 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 243 dọ́là lọ. N kò ní purọ́ pé ìjà òṣèlú ló jẹ ìyókù. Náírà ló ṣubú: dọ́là tí kò tó 160 náírà ní 2014 ti kọjá 1,500 nígbà tí 2024 ń parí lọ, ohun tí a bá sì fi dọ́là wọ̀n kò lè ṣàì súnkì. Epo rọ̀bì náà já wálẹ̀ gan-an láti ìdajì kejì ọdún 2014. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo já, òfin tó yẹ kó ti tún ilé iṣẹ́ epo tò ṣì wà lórí tábìlì. Ọdún 2008 ni àbádòfin epo rọ̀bì dé ilé aṣòfin, nígbà Yar'Adua. Ó kọjá lọ́wọ́ Jonathan. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 2021 ni Buhari tó fọwọ́ sí i. Ọdún 13! Kí ni wọ́n ń jà lé? Iye tó máa kan àwọn ìlú tí epo ti ń jáde, agbára tó máa wà lọ́wọ́ mínísítà, iye tí wọ́n máa fi wá epo kiri ní àwọn ibòmíràn. Àwọn ohun tó tó jà lé ni, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tó máa kó owó lé iṣẹ́ tí kò mọ iye owó orí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn olówó yí ọkọ̀ wọn gba ibòmíràn lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ 2022, olè epo náà ti bá ìdádúró yìí ṣe é, a kò lè wa tó mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́ mọ́.

Ìjà ìṣúná ló là mí lójú jù. Ní oṣù Kẹfà 2015, Bùkọ́lá Saraki di ààrẹ ilé aṣòfin àgbà láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀, APC, fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ kan náà ló wà nílé ìjọba àti nílé aṣòfin, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn bí orogún. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìṣúná 2016. Ti 2017 di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Ti 2018 di ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, oṣù méje lẹ́yìn tí ààrẹ gbé e lọ síwájú wọn. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i, Buhari ráhùn pé wọ́n ti gé bílíọ̀nù 347 náírà lára iṣẹ́ 4,700, wọ́n sì ti ki 6,403 tiwọn bọ̀ ọ́, iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 578.

Kí ló dé tó jẹ́ pé kí oṣù Kẹfà tó parí ni ìjà máa ń rọlẹ̀? Ìwé òfin 1999 ló dáhùn. Ẹsẹ̀ 82 gba ààrẹ láyè pé bí ìṣúná tuntun kò bá tíì jáde, ó lè máa náwó fún oṣù mẹ́fà, níwọ̀n bí kò bá ti kọjá iye tí òfin ìṣúná gbà láyè fún irú àsìkò kan náà lọ́dún tó kọjá. Owó oṣù ń lọ, epo ọkọ̀ ń lọ, ààyè ìjòkòó àwọn ọ̀gá kò gbóná. Iṣẹ́ ọ̀nà, kànga ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn ló ń dúró. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà: oṣù mẹ́fà kò tíì pé. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà tí kò bu nǹkan kan kúrò nínú oúnjẹ oníjà, kí ni yóò mú kó yára parí?

Àwọn kan á ní ìrẹ́pọ̀ ni oògùn rẹ̀. A ti mu oògùn yẹn wò. Láti 2019 ni ilé aṣòfin tuntun, tí Ahmad Lawan ṣáájú, ti bá ààrẹ rẹ́. Kí ọdún 2019 tó parí, wọ́n ti fọwọ́ sí ìṣúná 2020, èyí dára, kí á yìn wọ́n. Ilé yìí kan náà ló gbà ní oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba ń palẹ̀mọ́, pé kí tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí wọ́n ti yá lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀, tí wọ́n sì ti ná, di gbèsè onígbà pípẹ́ fún orílẹ̀-èdè. Àwọn baba wa ní ìjà ò dọlà; wọn kò fìgbà kan sọ pé àìjà dọlà.

Nyanya tún rí tirẹ̀ ní 2025. Àbújá kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ààrẹ ló ń fi mínísítà ṣàkóso rẹ̀, nínú àwọn tó ń ṣàkóso níbẹ̀, àwọn alága àti kánsílọ̀ káńsù mẹ́fà nìkan ni aráàlú ń dìbò yàn. Oṣù Keje 2024 ni owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Owó àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́rùn káńsù, káńsù ní kò sí owó. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Keje 2025, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá ni mínísítà Nyesom Wike ní kí wọ́n dá ìdá mẹ́wàá tó ń kan káńsù nínú owó abẹ́lé dúró, kí wọ́n fi san án. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, n kò gbọ́ pé owó oṣù ọ̀gá kankan dúró nítorí ìjà náà. Ọmọ ẹni tó lágbára ti bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn ìyókù bá ìyá wọn lọ sójà, àwọn mìíràn gbé omi inú ọ̀rá lé orí láàárín ọkọ̀ tí kò lọ.

Ẹ má rò pé òṣì ló ń fa èyí. Jámánì lówó, ó lẹ́rọ, ọkọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá wa ń gùn. Ọrọ̀ ajé rẹ̀ rẹ̀yìn ní 2023, ó tún rẹ̀yìn ní 2024. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ń jùmọ̀ ṣèjọba ń jà lórí ìṣúná títí olórí ìjọba, Olaf Scholz, fi lé mínísítà ètò ìnáwó, Christian Lindner, lóṣù Kọkànlá 2024. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, oníjà sanwó: nínú ìbò oṣù Kejì 2025, Scholz pàdánù ipò, ẹgbẹ́ Lindner kò sì rí ìjókòó kan ṣoṣo mú.

Ti California, l'Amẹ́ríkà, ló wù mí jù. Olówó ni ìpínlẹ̀ náà, síbẹ̀ nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìṣúná rẹ̀ máa ń pẹ́; ti 2010 wọ oṣù Kẹwàá kó tó jáde, nígbà tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, aráàlú dìbò gba òfin kan wọlé: bí ìṣúná kò bá jáde nílé aṣòfin títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, owó oṣù aṣòfin dúró láti ọjọ́ náà, kò sì sí pé à ń san án padà. Wọ́n tún fi kún un pé ìbò tó ju ìdajì lọ ti tó láti gbé e kọjá, dípò ìdá méjì nínú mẹ́ta. Láti ìgbà náà, wọn kò tún bá ìṣúná wọ oṣù Kẹwàá mọ́.

Kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó wọ ìwé òfin tiwa, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá gbọ́dọ̀ gbà á, àwọn gan-an tí ó máa dá owó wọn dúró. Lẹ́yìn náà, ó di ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Àbújá kò ní ọ̀kan nínú 36 yẹn. Sẹ́nétọ̀ kan ló ní nínú 109, aṣojú méjì nínú 360, Nyanya sì ń bá gbogbo àárín ìlú àti Bwari pín ọ̀kan nínú àwọn méjì náà.