Ìwé Ìrìnnà àti Olùgbàlejò: Ìrìn Àjò Àwọn Yorùbá Láti Ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá Dé Gánà

Orúkọ Abúlé Ẹ̀gbá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ará ibòmíràn ti wá gbé ibẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè náà, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn Ẹ̀gbá ni abúlé ń jẹ́. Títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá sì tọ̀ ọ́ dé Ọ̀tà lè yà sí ọwọ́ òsì, kí ó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò bọ́ sí ilẹ̀ Benin. Ibẹ̀ dára láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń rin ìrìn àjò nígbà tí ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn kò lágbára. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé olùgbàlejò ló ṣe iṣẹ́ tí ìwé kò lè ṣe, àti pé bí ó ti ṣe é dáadáa tó gan-an ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò wà láìní ìwé ní ọjọ́ tí ìjọba béèrè rẹ̀.

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, agbègbè Ìkẹjà, tí Abúlé Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀, jẹ́ apá kan Kólónì. Abẹ́òkúta, láti 1914, wà nínú ilẹ̀ ìdáàbòbò. Ọmọ tí a bí ní abúlé náà jẹ́ ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Baba rẹ̀ tí a bí ní Abẹ́òkúta jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. Lóko, ìyàtọ̀ yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀ràn ńlá ni: lábẹ́ òfin 1925 lórí àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú, ẹni tí kò bá lè fi ìwé múlẹ̀ pé ọmọ abẹ́ Ọba ni òun, àjèjì ni wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́. Lọ́dún kan náà ni Ládipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Herbert Bankole-Bright, ará Sierra Leone, dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní London. Láti 1929 dé 1932 ni Ṣólàńkẹ́ fi kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó, ilé tí ẹgbẹ́ náà sì ṣí ní Camden ní 1933 di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn onílé òyìnbó kọ̀ lè wọ̀ sí. Nígbà tí a ṣí Aggrey House ní 1934 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba, WASU tako ó. Wọ́n mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí olùgbàlejò bá tún jẹ́ aláṣẹ.

Ìwọ̀nba ni àwọn tó lọ London. Àwọn tó kọrí sí Gold Coast pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ìlọrin àti Ọ̀ffà ti ń lọ. Nígbà ìkànìyàn 1960, àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà tó 100,000. Anago tàbí Alata ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Kì í ṣe ìwé ló ń mú ọmọkùnrin dé Kumasi tàbí Tamale. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ tó wálé wá ṣọdún ní í mú un lọ. Ẹni yìí ni yóò fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, òun náà yóò sì máa kiri ọjà fún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó fún un ní owó tí yóò fi dá dúró, tàbí kí a gbé ọjà fún un ní àwìn. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, olórí àwọn Yorùbá ìlú náà ni yóò parí rẹ̀, òun náà ni yóò sì ṣojú wọn lọ́dọ̀ ọba onílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dáwó nígbà òkú àti nígbà àìsàn. Ìwé ìrìnnà tí a kò tẹ̀ ni ètò yìí: orúkọ ilé, èdè ẹnu, ìlà ojú, àti àgbà kan tí yóò sọ pé ọmọ wa ni.

Lẹ́yìn òmìnira Gánà ní 1957 àti ti Nàìjíríà ní 1960, àwọn tó ń rìn láàrin ìjọba kan di àjèjì láàrin ìjọba méjì. Púpọ̀ nínú wọn kò wá ìwé. Kí ni wọn ìbá fi ṣe? Onílé mọ̀ wọ́n, ọlọ́jà mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò sì mọ ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọjà tó wà nínú ìsọ̀ ṣeé tà ní ọ̀pọ̀. Àwìn tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní ìletò kò ṣeé kó jọ láàrin ọjọ́ 14. Àwìn tó gbé oníṣòwò ró ló wá rì í. Ẹ̀rí olórí Yorùbá kò sì wúlò ní ọ́fíìsì tí a ti ń béèrè òǹtẹ̀. Àwọn tó ń fi àìríṣẹ́ṣe àti gbèsè tó wọ Gánà lọ́rùn ṣàlàyé àṣẹ náà kò ṣìnà, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Ìdí náà wà nínú ètò àbánigbé fúnra rẹ̀. Ètò kan náà, lọ́nà mìíràn, ló sì gbà wọ́n padà: ilé ẹbí tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí láti Gánà ni wọ́n wọ̀ sí.

Àdéhùn ECOWAS tí a fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Kò pé ọdún mẹ́rin tí Nàìjíríà fi ṣe bí Gánà ti ṣe. Ní Oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó jáde. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní, orúkọ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó rántí 1969 fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ní Ìdí-Ìrókò, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 pín àwọn tó ń sọ èdè kan sí méjì. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ mọ́ ọjà. A ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2020. Ó di Oṣù Kẹrin 2022 kí a tó ṣí Ìdí-Ìrókò. Ìbátan tó ń gbé ní Ìgólò tàbí ní Àjàṣẹ́ kò ní ohùn nínú ìpinnu kankan nínú wọn.