Iṣẹ́ Ilé Ẹṣin: Ohun tí Ó Yẹ kí Òbí Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Gun Ẹṣin

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Ìkìlọ̀ fún ọlọ́lá ni wọ́n fi òwe náà ṣe, ṣùgbọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Wákàtí kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè lò lórí ẹṣin lóòjọ́. Wákàtí mẹ́tàlélógún tí ó kù, ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin ni ẹṣin wà. Nígbà tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ti oṣù kẹfà ọdún 2024 gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, pàápàá ti Farooq Oreagba, kò sí bí ọmọdé tí ó rí i kò ṣe ní sọ pé òun náà fẹ́ gun ẹṣin. Kí òbí tó dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn, ó dára kí ó mọ bí ilé ẹṣin ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ẹṣin nínú ìtàn wa

Ẹṣin kì í ṣe ẹran tí ó rọrùn láti sìn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní agbègbè igbó, eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse a máa fi àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ẹṣin náà a sì máa rù títí tí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé apá ọ̀dàn ni ẹṣin ti gbilẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ọ̀dàn, agbára ẹlẹ́ṣin ni ó sì fi sọ ọ̀pọ̀ ìlú di abẹ́ rẹ̀, títí dé ilẹ̀ Dahomey. Ṣùgbọ́n òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin náà, àwọn ẹrú Haúsá sì wà lára àwọn tí ń tọ́jú wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Ó pe àwọn ẹrú wọ̀nyí wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá lọ bá a. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé láti òkè náà bọ́ sí ọwọ́ Ìlọrin. Báyìí ni Ọ̀yọ́ ṣe pàdánù ẹṣin, tí ó sì pàdánù àwọn tí ó mọ ẹṣin í tọ́jú. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ó kan Ìlọrin náà: àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kọlù wọ́n lóru ní Òṣogbo, ẹṣin kò sì wúlò fún wọn mọ́.

Ní ilẹ̀ Àkókó, ìbẹ̀rù ni ẹṣin kọ́kọ́ mú wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà a máa wá kó ènìyàn lẹ́rú ní agbègbè náà. Ẹni tí ó bá ti rìn láti Ìkùn dé Ọ̀kà, tí ó sì gba ibẹ̀ dé Ìkàrẹ́, yóò ti rí àwọn òkè àti àpáta tí ó yí àwọn ìlú náà ká. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá sá sí, nítorí pátákò ẹṣin kò lè di orí àpáta mú. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà.

Lónìí, ayẹyẹ àti eré ìdárayá ni a mọ ẹṣin mọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ní Ìlọrin, ẹlẹ́ṣin a máa tẹ̀lé Ẹ́míà lọ síbi ìrun ọdún. Láti ọdún 1904 ni wọ́n ti ń gbá pólò ní Èkó, Ìbàdàn náà sì ní pápá pólò tirẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Irú ibi wọ̀nyí ni ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ẹṣin gígùn ti lè rí olùkọ́. Ẹni tí ó gba owó láti fa ènìyàn kiri lórí ẹṣin ní etí òkun Èkó kì í ṣe olùkọ́. Fàájì ni ó ń tà.

Iṣẹ́ àárọ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni olùtọ́jú ẹṣin ti ń dé. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni pé kí ó dúró wo ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tán? Ṣé ó yàgbẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó fi dúró, tàbí ó ń gbé ọ̀kan sókè? Ẹṣin kò lè sọ̀rọ̀, ìgbẹ́ àti ìdúró rẹ̀ ni ó fi ń ròyìn ara rẹ̀. Bí ara ẹṣin tí ó ti dàgbà bá le, ìgbóná ara rẹ̀ yóò wà láàrin 37.5 sí 38.5 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa lù ní ìgbà 28 sí 44 láàrin ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó bá sinmi.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kó ìgbẹ́ àti koríko tútù kúrò nílẹ̀. Ẹṣin kan lè yàgbẹ́ tó kìlógíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, nítorí náà ilé tí ó ní ẹṣin mẹ́wàá ní òkìtì láti kó láràárọ̀. Àgbẹ̀ tí ó mọ iyì rẹ̀ yóò wá kó o lọ sóko nígbà tí ó bá ti jẹrà. Wọn yóò fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara ẹṣin, wọn yóò ya gọ̀gọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi irin ha ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò lábẹ́ pátákò. Bí wọn kò bá ṣe èyí ní ìgbà òjò, abẹ́ pátákò yóò rà, yóò sì máa rùn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gé pátákò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé èékánná.

Oúnjẹ àti omi

Koríko ni oúnjẹ ẹṣin gan-an. Ẹṣin tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 350 nílò oúnjẹ gbígbẹ tí ó tó kìlógíráàmù méje lóòjọ́, koríko ni ó sì yẹ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èérí ọkà àti ọkà bàbà a máa wà lára ohun tí wọ́n fi ń kún un. Ikùn ẹṣin tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń dé kéré sí ara rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀, léraléra, ni wọ́n ń fún un. Ẹṣin kì í bì. Bí ó bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, tàbí tí ó jẹ ọkà jù, ibẹ̀ ni yóò há sí.

Omi tí ẹṣin ń mu lóòjọ́ kò kéré sí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan, ó sì lè tó méjì nígbà ooru. Ilé ẹṣin tí kò ní kànga tàbí ẹ̀rọ omi tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, wàhálà ni yóò máa bá yí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni, nítorí pé oòrùn ọ̀sán kò dára fún ẹṣin tàbí fún ẹlẹ́ṣin. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í gbé ọmọ sórí ẹṣin lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti ń súnmọ́ ẹran náà. Ẹṣin ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ gan-an, kò sì rí abẹ́ imú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lójijì láti ẹ̀yìn lè gba ìpá. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ èjìká ni a ń gbà, a ó sì máa sọ̀rọ̀ kí ó lè mọ̀ pé a ń bọ̀. A kì í wé okùn tí a fi ń fà á mọ́ ọwọ́, nítorí bí ó bá sá, yóò wọ́ ènìyàn lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò di gàárì, wọn yóò kó ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu, wọn yóò sì tún ọ̀já abẹ́ ikùn fà kí ọmọ tó gùn ún, torí pé ẹṣin mìíràn a máa wú ikùn nígbà tí wọ́n bá ń dì í. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni a ti ń gun ẹṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò máa yí olùkọ́ ká, olùkọ́ yóò sì di okùn gígùn mú. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ti ń jókòó tààrà, bí a ti ń rẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀ nínú alùkẹ́ńbù, àti bí a ti ń wo iwájú dípò ilẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni sásársá, kí ó tó kan eré. Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ eré kí ó tó mọ bí a ti ń dá ẹṣin dúró.

Bí ẹ̀kọ́ bá parí, iṣẹ́ kò tíì parí. Wọn yóò mú ẹṣin rìn títí tí mímí rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, wọn yóò da omi sí i lára, wọn yóò sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá gàárì ti bó o.

Àìsàn tí ó ń pa ẹṣin

Inú rírun ni olórí ọ̀tá. Ẹṣin tí inú ń run yóò máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, yóò máa bojú wo ìhà rẹ̀, yóò sì máa yí gbirigbiri. Kí wọ́n pe dókítà ẹranko kíákíá, nítorí ó lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àìsàn tsetse ní tirẹ̀ máa ń rọra wá: ibà a dé, a lọ, ẹṣin a máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ a sì máa wú. Ní ọdún 2019, ọ̀fìnkìn ẹṣin tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó sì bá a lọ. Èyí ni ó fi yẹ kí wọ́n ya ẹṣin tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nílé. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, Yunifásítì Ìlọrin náà sì ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko.

Ohun tí òbí gbọ́dọ̀ wò

Kí òbí tó sanwó, kí ó lọ wo ilé ẹṣin náà láàárọ̀, láìjẹ́ pé ó ti ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ó wo omi, bóyá ó mọ́. Kí ó wo ìhà ẹṣin: bí eegun rẹ̀ bá yọ síta gbangba, oúnjẹ kò tó. Kí ó wo ẹ̀yìn àti igun ẹnu rẹ̀, bóyá egbò wà níbẹ̀, nítorí ẹṣin tí ara ń ro ni ó sábà máa ń ju ọmọ sílẹ̀. Kí ó béèrè akoto fún orí ọmọ. Ibi tí wọn kò bá ti ní in, kí ó mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Kí ó béèrè iye ìgbà tí ẹṣin kan ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́, àti orúkọ dókítà tí ń bójú tó wọn.

Ẹni tí ó sì fẹ́ ra ẹṣin fún ọjọ́ ayẹyẹ kan péré, kí ó ronú dáadáa. Ọjọ́ ọdún yóò kọjá, ẹṣin yóò ṣì máa jẹun fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn kí ó háyà tí ara rẹ̀ le, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì san owó tí ó tọ́ fún olùtọ́jú náà. Òun ni ó mọ èyí tí ó ń bẹ̀rù ìlù àti ìbọn, òun ni yóò sì di ìjánu mú nígbà tí ariwo bá sọ.