Ta Ló Bi Wọ́n Léèrè Ọkàn Wọn?

Ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, adigunjalè dá ọkọ̀ wa dúró nígbà tí mò ń bọ̀ wálé sí Ìsẹ́yìn. Fóònù nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, bí ọ̀kadà bá ti ta pàù báyìí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Dókítà tí mo lọ bá ní ọmọ kékeré bíi tèmi kì í ní àrùn ọkàn, kí n lọ sinmi.

Mo sinmi, mo sì ń kàwé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n kàn ń fi sọ. Lọ́dún 1871, Jacob Da Costa ní Philadelphia kọ̀wé nípa àwọn sójà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ọkàn wọn ń sáré, tí àyà ń dùn wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Thomas Lewis tún yẹ irú wọn wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. "Ọkàn sójà" ni wọ́n ń pè é.

Àárín ogun yẹn náà, lọ́dún 1916, ni Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba òyìnbó, tí wọ́n kó sójà wá bá wọn. Mo máa ń ro àwọn obìnrin tó ń hun kíjìpá nínú ilé nígbà yẹn. Ta ló yẹ ọkàn tiwọn wò? Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kúkú ti ń sọ pé "àyà mi já" kí Da Costa tó mú gègé.

Ọdún 1980 ni orúkọ PTSD tó wọ ìwé ìṣègùn Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ àwọn sójà Vietnam wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Àwọn obìnrin ṣì ń dúró.

Ní 1989, ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 25 sí 42. Jennifer Sumner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde kan jáde lọ́dún 2015, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọpa nǹkan bí 50,000 lára wọn fún 20 ọdún. Láàárín àwọn tí jàǹbá bá, tí wọ́n ní àmì PTSD mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi 60% pọ̀ ju ti àwọn tí jàǹbá ò bá rí. Sìgá àti àìṣe eré ìdárayá kó ipa níbẹ̀, àmọ́ wọn ò dá gbogbo ẹ̀ fà.

Mo lọ síbòmíràn. Màmá nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi so okùn mọ́ mi lápá, ó wá ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ?"

Oṣù kẹrin nìyẹn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí.