Àwòrán Tí Ó Di Baba Ère

Ère kan wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ àròkọ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin ni ó gbé e wá fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ sí yàrá ìwé mi, nítorí pé bí òun bá fi í sílẹ̀ ní ilé òun, àwọn ọmọ òun yóò fọ́ ọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè irú ohun ìṣeré wo ni èyí tí a ń gbé sá fún ọmọdé. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ pa á dà ná, kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Optimus Prime ni orúkọ ère náà. Bí ojú bá kọ́kọ́ kàn án, ọkọ̀ tírélà onímú pẹlẹbẹ ni. Orí rẹ̀ pupa, ó sì fa àpótí ẹrù aláwọ̀ eérú sẹ́yìn. Bí a bá wá tú àwọn oríkèé ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a yí wọn, tí a sì tún wọn tò, orí ọkọ̀ náà yóò dìde dúró, yóò di rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ní apá àti ẹsẹ̀, tí ó sì fi ìbòjú irin bo ẹnu. Ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko ni ó gbà mí kí n tó rí i ṣe. Nígbà tí mo parí rẹ̀, kò sí ègé kan tí ó ṣẹ́ kù sórí tábìlì, kò sì sí ègé kan tí mo mú láti ibòmíràn fi kún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ìran tí ère yìí ti ṣẹ̀ wá, mo sì ti rí i pé lóòótọ́ ni ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Amẹ́ríkà ni a bí Optimus Prime sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé-iṣẹ́ Takara ní ìlú Tokyo, ní orílẹ̀-èdè Japan, ni ó gbé ọ̀wọ́ ohun ìṣeré kan jáde ní 1980 tí wọ́n pè ní Diaclone. Nínú ọ̀wọ́ yìí ni tírélà wa ti kọ́kọ́ yọjú ní 1983. Battle Convoy ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun kan níhìn-ín, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi yóò padà sí. Nínú ìtàn Diaclone, rọ́bọ́ọ̀tì kò ní ẹ̀mí. Ọkọ̀ ogun ni, ènìyàn ni ó sì ń wà á. Àwọn awakọ̀ kéékèèké wà, tí gbogbo wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí a fi mágínẹ́ẹ̀tì sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, tí ọmọdé yóò mú, tí yóò sì fi jókòó sí àyè tí a ṣe sílẹ̀ dè wọ́n.

Ní 1983 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Hasbro, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Pawtucket ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bá Takara dòwò pọ̀. Lára àwọn tí ojú wọn ríran jìnnà nínú ọ̀rọ̀ náà ni Henry Orenstein. Júù tí a bí ní Poland ní 1923 ni ọkùnrin yìí. Ó la àgọ́ ìfìyàjẹni márùn-ún ti àwọn Nazi kọjá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di aṣẹ̀dá ohun ìṣeré pàtàkì ní Amẹ́ríkà kí ó tó kú ní 2021. Òun ni ó rọ àwọn ọ̀gá Hasbro pé kí wọ́n má ṣe fojú kéré ọkọ̀ tí ń para dà. Hasbro gba ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Ó kó àwọn ère Diaclone àti ti ọ̀wọ́ mìíràn tí Takara ń pè ní Micro Change pọ̀ sójú kan, ó sì fún gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo: Transformers.

Orúkọ nìkan kò tó tà ọjà. Ìtàn ni Hasbro ń wá, ó sì tọ ilé-iṣẹ́ Marvel lọ, àwọn tí ń tẹ ìwé ìtàn aláwòrán. Jim Shooter ni ó ṣe ìlapa ìtàn náà. Denny O'Neil ni ó sọ tírélà wa ní Optimus Prime. Bob Budiansky ni ó wá sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù lórúkọ, tí ó sì kọ irú ìwà tí olúkúlùkù ń hù. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣe ohun kan tí àwọn ará Japan kò ṣe. Wọ́n ní kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ni ó ní ẹ̀mí, pé láti ayé kan tí ń jẹ́ Cybertron ni ó ti wá, pé ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n, Autobots àti Decepticons, tí wọ́n ti ń bá ara wọn jagun tipẹ́tipẹ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣe ère ní Japan kò gbọ́ pé ìtàn ti yí padà. Àwọn ère tí wọ́n kó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1984 ṣì ní ìjókòó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ilẹ̀kùn wọn ṣeé ṣí, tí ìjókòó sì wà nínú wọn. Ọkọ̀ kékeré tí ń jẹ́ Roller, tí ó máa ń wà nínú àpótí ẹrù Optimus Prime, ní àyè tí awakọ̀ ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ nínú páálí. Ọmọ tí ó ra ère náà yóò máa wo ìjókòó tí kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ní ilẹ̀ tiwa, bí eégún onídán bá di ọ̀nì tàbí òjòlá lójú agbo, gbogbo àgbà ni ó mọ̀ pé ẹnìkan wà lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni láti wí i. Ọ̀rọ̀ Transformers yàtọ̀: ìtàn sọ fún ọmọdé pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ìjókòó sì ń jẹ́rìí pé ẹnìkan ti wà níbẹ̀ rí.

Ní oṣù September 1984 ni kàtúùnù Transformers bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Sunbow àti Marvel Productions ni ó ṣe é, ilé-iṣẹ́ Toei ní Japan sì ni ó ya púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Ẹni tí yóò ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán fún ìtàn kan kò lè máa ya gbogbo skúrù àti ìwé alẹ̀mọ́ra tí ó wà lára ère. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fá ara ère náà mọ́ nínú àwòrán. Ère 1984 le gbagidi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dá wà lọ́tọ̀, ọmọdé ni yóò fi wọ́n há apá, kò sì pẹ́ tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fi ń sọ nù sábẹ́ àga. Nínú kàtúùnù, ọwọ́ ń yọ jáde láti inú apá fúnra rẹ̀. Ìbòjú tí kò ṣeé mì lára ère ń mì nínú àwòrán bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Àpótí ẹrù ńlá náà a sì kàn pòórá nígbà tí ó bá para dà, olùwòran kì í sì í béèrè ibi tí ó gbà lọ.

Ohùn ni ó wá parí iṣẹ́ náà. Peter Cullen, ọmọ Canada, ni ó fọ ohùn Optimus Prime. Ó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀gbọ́n òun Larry, tí ó jagun ní Vietnam, ni òun fi ṣe àwòkọ́ṣe, àti pé Larry ni ó gba òun níyànjú pé alágbára tòótọ́ kì í pariwo, ó máa ń ní ìwà pẹ̀lẹ́. Báyìí ni ohùn ẹ̀gbọ́n kan ṣe jókòó sí àyè tí awakọ̀ fi sílẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ti gbàgbé ìdí òwò. Ìpolówó ọjà ni kàtúùnù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó tó di ìgbà náà, àjọ FCC, tí ń ṣe àkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, kì í fẹ́ kí ètò ọmọdé di ìpolówó. Ṣùgbọ́n Mark Fowler, tí Ààrẹ Reagan fi ṣe alága àjọ náà ní 1981, gbà pé ọjà ni kí ó máa pinnu, nígbà tí ó sì di 1984, òfin ti dẹ̀. Ó di 1990 kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó ṣe òfin tí ó fi ààlà sí ìpolówó nínú ètò ọmọdé: ìṣẹ́jú 12 nínú wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 10 àti ààbọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1986 ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára oníṣòwò mọ. Ní oṣù August ọdún náà, sinimá Transformers jáde, Optimus Prime sì kú nínú rẹ̀ kí sinimá náà tó dé ìdajì. Ìdí tí wọ́n fi pa á kò jinlẹ̀: àwọn ère àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí àtẹ kí tuntun lè rí àyè. Nínú ìwé ìṣirò, ọjà tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá ni ó kú. Lójú àwọn ọmọdé tí ó jókòó sínú òkùnkùn sinimá, baba ni ó kú. Wọ́n sunkún. Òmíràn nínú wọn ní kí ìyá òun mú òun jáde. Lẹ́tà ẹ̀hónú rọ́ dé bí òjò, nígbà tí ó sì di 1987, àwọn tí ó pa Optimus Prime ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn jí i dìde nínú kàtúùnù.

Mo mọ ẹnìkan nínú àwọn tí ó sunkún. Àbúrò mi, tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù, wo sinimá náà lórí fídíò kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnìkan mú ti òkè òkun bọ̀. Kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá wa rò pé ibà ni. Èmi tí mo mọ̀dí ọ̀rọ̀ fi rẹ́rìn-ín ni. Mo sọ fún un pé rọ́bà kì í kú.

Èyí ni ó mú mi dé orí ère tí ó wà níwájú mi. Ní 2003 ni Takara bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ kan tí wọ́n pè ní Masterpiece, Optimus Prime ni wọ́n sì fi ṣíde. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ọmọ àná tí wọ́n ti ń gba owó oṣù. Ní 2006, Takara àti Tomy di ilé-iṣẹ́ kan. Ní 2011, wọ́n tún Optimus Prime ṣe, ẹ̀dà yìí tí wọ́n ń pè ní MP-10 sì ni àbúrò mi rà. Kò tó rúlà kan ní gíga. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lára rẹ̀ yẹ kí a yìn. Orúnkún ń ká, ìgbọ̀nwọ́ ń ká, ọrùn ẹsẹ̀ ń yí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wọ inú apá lọ bí ó ti rí nínú kàtúùnù, kò tún sí ọwọ́ tí yóò sọ nù. Bí a bá ṣí àyà rẹ̀, a ó bá ohun mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Matrix níbẹ̀, èyí tí kò sí lára ère 1984 rárá.

Mo ní kí onkàwé mi kíyè sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1984, ère ni baba, àwòrán ni ọmọ. Ère ni àwọn ayàwòrán wò kí wọ́n tó yà. Ní 2011, àwòrán ni àwọn oníṣẹ́ ère gbé síwájú. Ẹ̀dà tí ó tún jáde ní 2019, MP-44, tilẹ̀ sún mọ́ kàtúùnù jù èyí lọ. Ohun tí ayàwòrán fò nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá di òfin tí oníṣẹ́ ère gbọ́dọ̀ pa mọ́. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ fi MP-10 mọ bí ohun ìṣeré 1984 ti rí yóò ṣìnà. Ohun tí àwọn ọmọ ìgbà náà rántí ni yóò rí níbẹ̀.

Ṣé irọ́ wá ni ìrántí bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé oníṣòwò ni ó gbìn ín? Mo ti rò ó, mo sì dáhùn pé rárá. Oníṣòwò ni ó ni rọ́bà, ó ni orúkọ, ó sì ni ẹ̀tọ́ láti pa á. Ẹkún ọdún 1986 kò sí nínú ohun tí ó rà lọ́wọ́ Takara, ẹkún náà ni ó sì borí rẹ̀. Ère yìí ń sọ òtítọ́ nípa ẹkún náà. Pẹ̀lú rẹ̀ nínú páálí ni ère kékeré Spike wà, ọmọ ènìyàn tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn rọ́bọ́ọ̀tì nínú kàtúùnù. Mo fi í jókòó sí iwájú ọkọ̀. Ènìyàn ti padà sórí ìjókòó, àmọ́ èrò ọkọ̀ ni báyìí, kì í ṣe awakọ̀.

Àbùkù méjì péré ni mo rí. Èkíní ni àpótí ẹrù: kò lè pòórá, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó dúró sí tí ó ń wòran. Èyí kò bí mi nínú. Igi àti rọ́bà kò lè purọ́ bí àwòrán. Èkejì ni ó dùn mí. Gbogbo àléébù tí ọmọdé 1984 fara dà ni wọ́n ti wò sàn, ṣùgbọ́n ọmọdé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ère tí a ṣe láti rántí ìṣeré ti di ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo tẹ àbúrò mi láago. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀rín tí mo fi rín in ní ọjọ́sí, nígbà tí ó sunkún tí kò jẹun. Lẹ́yìn èyí ni mo sọ fún un pé bí iléèwé bá gba ìsinmi, kí ó mú àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi, kí á gbé Optimus Prime sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n pa á dà. Bí apá rẹ̀ bá ṣẹ́, èmi yóò bá wọn lẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó." Títí di ìsinsin yìí, ó ṣì ń rò ó.